ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: SÁMÚẸ́LÌ SÁRÉ LẸ́Ẹ̀MẸTA

*Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 3:1-10*

 

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì wá bá mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín in sí ICU ni, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè. Ó ní, "Dádì, mi ò lè ṣe é mọ́. Gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀ ló ń dún. Tí ọ̀kan bá ti ké, àyà mi á já. Màá sáré pe sístà àgbà, wọ́n á dé, wọ́n á ní wáyà tó wà níka aláìsàn ló yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lálẹ́ ọjọ́ kan! Ojú ń tì mí, sà."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Sámúẹ́lì náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

Ẹ wò ó, inú ilé Ọlọ́run ni ọmọ yẹn ń sùn, síbẹ̀ kò tíì dá ohùn Ọlọ́run mọ̀. Ohùn dún lóru, ó dìde, ó sáré lọ bá Élì. Kò mọ ẹni tó ń pè é, àmọ́ kò faṣọ borí sùn. A-béèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ká sáré lọ béèrè kó jẹ́ wáyà lásán, ó sàn ju ká máa tijú kí ẹ̀mí bọ́ lọ.

Ẹ tún wo Élì. Àgbàlagbà tójú rẹ̀ ti di bàìbàì, ọmọdé ń jí i lóru, kò jágbe mọ́ ọn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe dáhùn. Ohun tí sístà àgbà yẹn náà ṣe nìyẹn. Ó kọ́ ọmọ wa pé tí ẹ̀rọ bá ké, aláìsàn ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó wo ẹ̀rọ: ṣé àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò? Ṣé àwọ̀ rẹ̀ ò yí padà? Ó ní kó máa pe orúkọ ẹni tí oògùn mú sùn, kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó fọwọ́ kàn án, torí etí lè máa gbọ́ nígbà tí ẹnu ò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ má fojú kéré ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ o. Lọ́dún 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen, olú ìlú Denmark. Ẹ̀rọ tó ń báni mí kò tó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni wọ́n pè, tí wọ́n ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ fáwọn aláìsàn tọ̀sán-tòru. Látinú iṣẹ́ yẹn ni ICU òde òní ti jáde.

Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, tún sáré lọ béèrè. Ìwọ tó jẹ́ àgbà níbi iṣẹ́, tí wọ́n bá jí ọ lẹ́ẹ̀kẹta, má jágbe. Kọ́ ọ.

Ọmọ wa ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ṣì ń ba òun, àmọ́ òun ti ń dá ohùn wọn mọ̀.

*Àdúrà:* Olúwa, fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní etí tó ń gbọ́ àti ẹsẹ̀ tó ń sáré. Fún àwa àgbà ní sùúrù Élì. Fọwọ́ kan gbogbo ẹni tó wà lórí ibùsùn àìsàn lówùúrọ̀ yìí. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o.