Ó Ha Tọ́ Kí Á Dárúkọ Àrùn Tí Kò Tíì Dé?

Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Mo rántí ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wá sọ fún mi pé ohun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kà kì í dúró lọ́kàn òun mọ́, àti pé òun a máa gbọ́ ìpè níbi tí kò sí ẹni tí ó pè.

Irú àmì bẹ́ẹ̀ lè ṣáájú wèrè. Àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn tí ó wà nínú ewu yìí bí wọ́n ti ń fi lẹ́tà mélòó kan sọ́kàn fún ìgbà díẹ̀. Nínú ìwádìí púpọ̀, iwájú ọpọlọ wọn kì í ṣiṣẹ́ bíi ti ẹlòmíràn. Síbẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni wèrè kò kọ lù. Ní ọdún 2013, àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà to ipò yìí mọ́ ohun tí ó ṣì ń fẹ́ ìwádìí.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí n dárúkọ wèrè fún ọmọ náà? Orúkọ a máa ro ọmọ. Láwùjọ tí a ti í wádìí wèrè nínú ẹbí kí a tó fọmọ fọ́kọ, orúkọ náà nìkan tó ìyà. Bí mo bá sì dákẹ́, ìrókò lè dàgbà.

Lójú tèmi, a lè pẹ̀ka ìrókò láìkígbe orúkọ rẹ̀. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn nítorí àìróorunsùn àti ìbẹ̀rù tí ń yọ ọ́ lẹ́nu lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni orí ni ó ni ọ̀rọ̀ orí rẹ̀. Bí ó bá béèrè, kí á sọ òtítọ́ fún un, kí á sì sọ pẹ̀lú pé púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ni ó ń là á já.