Kí Ni À Ń Rà Lọ́wọ́ Olùkọ́?

Ẹni tí yóò ra ẹran lọ́wọ́ alápatà yóò kọ́kọ́ wo ẹran náà kí ó tó bèèrè iye owó rẹ̀. Ẹni tí yóò ra aṣọ yóò fọwọ́ pa á, yóò sì nà án sí ìmọ́lẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sanwó fún ẹ̀kọ́ kò lè wo ohun tí ó ń rà, nítorí pé bí ó bá ti mọ ẹ̀kọ́ náà débi tí yóò fi lè díwọ̀n rẹ̀, kò sí ìdí fún un mọ́ láti rà á. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti ọdún 2024, nígbà tí ọmọbìnrin kan tí àbúrò mi bí gbé ìwé ìpolówó mẹ́ta wá bá mi nílé pé kí n bá òun yan ọ̀kan.

Ilé ìfowópamọ́ kan ní Èkó ni ọmọ yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ lọ kàwé gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò lókè òkun, ìdánwò GMAT ni ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí adènà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìgbaradì mẹ́ta ni ó ti gba ìwé. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú wọn ju owó oṣù rẹ̀ kan lọ díẹ̀. Èyí tí ó wọ́n jù fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó oṣù mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ ní kò séwu, pé àwọn yóò ta abala kan nínú oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀ nítòsí Ìdànrè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Oko yẹn kì í ṣe ti àbúrò mi nìkan, ẹnikẹ́ni kò sì lè tà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó, èwo ni ó dára jù?", n kò lè fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Fún ẹni tí kò mọ ìdánwò yìí, n óò sọ díẹ̀. Amẹ́ríkà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954 pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ọdún 1976 ni ó di GMAT. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é, kọ̀ǹpútà náà sì gbọ́n féle: bí o bá gba ìbéèrè kan, èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò gbé síwájú rẹ, bí o bá ṣì í, yóò dẹwọ́ díẹ̀. Ní ìparí ọdún 2023, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ tò. Wọ́n yọ àròkọ kúrò, wọ́n yọ àtúnṣe gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kúrò, ó ku abala mẹ́ta: ìṣirò, òye ọ̀rọ̀ kíkà, àti ìtúpalẹ̀ ìsọfúnni. Ìṣẹ́jú 45 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ ìbéèrè jẹ́ 64. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 205, ó parí sí 805. Nínú ìṣirò rẹ̀, kò sí ohun tí ọmọ tó ka ìwé girama já gaara kò tíì rí rí. Ohun tí wọ́n ń dán wò ni bí ènìyàn ti ń ronú nígbà tí aago ń lé e.

Ìwé ìpolówó kìíní ń dán bíi dígí. Àwòrán àwọn ọ̀dọ́ tó wọ kóòtù kún ara rẹ̀, máàkì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà sì wà lábẹ́ àwòrán rẹ̀. Ó ṣèlérí pé bí máàkì ẹni kò bá gòkè, owó ẹni yóò padà sí i lọ́wọ́. Ìwé kejì kò ṣèlérí kankan, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó pín in sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ọmọ náà létí pé àwọn tó ṣe ìdánwò lóṣù tó kọjá ti kó ìbéèrè tí wọ́n bá pàdé wá fún àwọn. Ìwé kẹta jẹ́ abala pépà kan ṣoṣo, láìsí àwòrán. Olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì ni ó ń kọ́ ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà ní Yábàá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá bá òun títí yóò fi ṣe ọ̀kan nínú ìdánwò àfidánrawò méjì tí àwọn tó ni GMAT ń fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì mú àwọn ìbéèrè tó bá ṣì dání.

Inú mi kọ́kọ́ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èrò àwa tí a ti dàgbà ni pé ẹni tó mọ̀wé kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní bí a ti ń ṣe ìdánwò. Èrò yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọdún 1938, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stanley Kaplan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní yàrá abẹ́ ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Brooklyn. Nígbà tó yá, ó ń múra wọn sílẹ̀ fún SAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì lọ́hùn-ún. Àwọn tó ni ìdánwò náà ní asán ni ó ń ṣe, pé ohun tí àwọn ń dán wò kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ ní oṣù méjì. Àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ àwọn oníṣòwò wá wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní, ìwádìí tó jáde ní ọdún 1979 sì fi hàn pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè gbé máàkì sókè díẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Bí kò bá ṣiṣẹ́ ni ì bá rọrùn fún mi, n óò kàn sọ pé kí ọmọ náà fi owó rẹ̀ ra ohun mìíràn. Bí ó bá wá ń ṣiṣẹ́, ẹni tí bàbá rẹ̀ kò fi oko kòkó sílẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìlérí dídá owó padà, nítorí pé òun ni ọmọ náà fẹ́ràn jù. Ó ní ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé awò ojú mi, mo ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn ìwé. Ẹni tó bá pa kíláàsì kan ṣoṣo jẹ ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ti ṣe ìdánwò tòótọ́ rí kò ní máàkì tí a ó fi wọn ìgòkè rẹ̀, nítorí náà ìlérí kò kàn án. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá sì fi mẹ́wàá péré lé sí i ti gòkè nìyẹn. N kò pè é ní ẹ̀tàn, gbogbo rẹ̀ wà ní àkọsílẹ̀ fún ẹni tó bá ní awò ojú. Ohun tó jọ mí lójú ni ohun tí ìlérí náà sọ olùkọ́ dà. Nígbà tí a bá fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀, owó wà níbẹ̀, ìwé àdéhùn wà, ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù sì wà. (Ẹ má rò pé mo ń yin ayé àtijọ́ o, mo mọ ọ̀gá tó fi ọmọ oníṣẹ́ pọnmi títí ọdún rẹ̀ fi pé.) Síbẹ̀, ohun tí ọ̀gá ń ṣèlérí ni pé ọmọ yóò mọ aṣọ rán. Kò jẹ́ ṣèlérí pé ìyàwó gómìnà yóò gbé aṣọ wá fún un. Ọjọ́ tí ọmọ bá ti mọ bí a ti ń gé búbá, ìmọ̀ náà di tirẹ̀, ọ̀gá kò sì lè gbà á padà. Ilé-ẹ̀kọ́ oníwèé dídán yìí kò fi ẹnu kan òye rárá. Máàkì tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ó ń tà.

Ní ti ìwé kejì, n kò ní ẹnu mímọ́ tí n óò fi bú u. Ní ọdún 1977, nígbà tí ìbéèrè ìdánwò oníwèé mẹ́wàá tú síta ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè é ní Expo 77, mo wà lára àwọn tó ṣe ìdánwò náà. Ọ̀rẹ́ mi kan gbé ìwé ìbéèrè kan wá ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó gbé àtùpà sún mọ́ ọn. Mo wò ó. Ẹnikẹ́ni kò mú mi, mo sì yege. Ṣùgbọ́n títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ǹ bá yege nínú iṣẹ́ yẹn bí n kò bá wò ó. Wọ́n jí ohun kan gbé lọ́wọ́ mi ní alẹ́ ọjọ́ náà, èmi ni mo sì jí i: n kò mọ ohun tí mo mọ̀. N kò sọ èyí fún ìyá ọmọ náà rí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún ọmọ náà. Mo tún sọ fún un pé àwọn tó ni GMAT pe àwọn kan tó ń ta ìbéèrè tòótọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ní ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n san dọ́là mílíọ̀nù méjì ó lé, wọ́n sì fagi lé èsì ènìyàn 84. Àwọn kan nínú wọn ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń wá.

Ọmọ náà tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí n kò retí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ó yé mi pé olè ni ìwé kejì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń ṣe irú ìdánwò yìí bí ẹni ń ta ayò láti kékeré, nílé-ìwé tí owó rẹ̀ ju gbogbo oko Bàbá àgbà lọ, ta ni ó ń bi wọ́n bóyá òye ni wọ́n ní tàbí ìlànà? Ìmọ̀ ni ẹ̀yin ń wò. Ilẹ̀kùn ni èmi ń wò."

Mo gbà fún un. Ẹni tó wà nínú ilé ni ó rọrùn fún láti sọ pé ilẹ̀kùn kò ṣe pàtàkì. Èmi tí mo sì ń sọ̀rọ̀ òye yìí, ìwé ẹ̀rí ọdún 1977 yẹn ni mo fi wọlé. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ń dín ìyà kù ni ó dọ́gba. Àwọn tó ni ìdánwò ń tẹ ìbéèrè àtijọ́ jáde nínú ìwé. Ẹni tó fi wọ́n dánra wò kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹlòmíràn náà lè rà á. Ẹni tó rí ìbéèrè ọjọ́ iwájú ní kọ̀rọ̀ gba ààyè lọ́wọ́ ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n lójú, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni náà jẹ́ ọmọ tálákà láti Ìdànrè bíi tiwa.

Irú ìbéèrè kan wà nínú ìdánwò náà tí mo fẹ́ràn púpọ̀ nígbà tí ó fi hàn mí. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé wọ́n ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni Òjó?" Wọn yóò fi gbólóhùn méjì tì í. Ọ̀kan ní Òjó fi ọdún mẹ́ta ju Àìná lọ. Èkejì ní àpapọ̀ ọjọ́ orí àwọn méjèèjì jẹ́ 41. Wọn kò fẹ́ kí o sọ ọjọ́ orí Òjó. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni bóyá gbólóhùn kìíní nìkan tó láti mọ̀ ọ́n, tàbí èkejì nìkan, tàbí ó di ìgbà tí a bá pa méjèèjì pọ̀, tàbí wọn kò tó rárá. Mo ní kí a fi irú ojú yẹn wo ìwé dídán. Máàkì ńláńlá wà lábẹ́ àwòrán: ṣé ó tó? Mélòó ni gbogbo àwọn tó sanwó lọ́dún náà? Mélòó ni máàkì àwọn tí a yàwòrán wọn kí wọ́n tó dé ibẹ̀? Ẹni tó wọlé pẹ̀lú 655 tó jáde pẹ̀lú 675 kọ́ ni ó yẹ kí a fi polówó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti 505. Ọmọ náà pè wọ́n lórí fóònù, ó bèèrè. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ san ìdajì owó. Ó tún bèèrè iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ òun, wọ́n sì ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti àtúnṣe gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì. Abala yẹn kò sí nínú ìdánwò mọ́! Ẹ wo bí oko kòkó ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ wa nítorí gírámà tí ẹnikẹ́ni kò níí bèèrè.

Ó ṣe ìdánwò ọ̀fẹ́ náà ní ọjọ́ Sátidé kan ní yàrá mi, ó gba 535. A jókòó tì í di ọ̀gànjọ́. Nínú àwọn ìbéèrè ìṣirò tí ó ṣì, ó lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn nígbà tí kò sí aago. Ó ti jókòó ti ìbéèrè kan fún ìṣẹ́jú mẹ́fà nítorí pé kò fẹ́ kí ó borí òun, ó sì fi ìkánjú ba márùn-ún tó kẹ́yìn jẹ́. Ìyá rẹ̀ náà kì í lè fi ìjà sílẹ̀.

Mo bá a lọ sí Yábàá. Olùkọ́ arúgbó náà wo àwọn ìbéèrè tí ó ṣì fún bí wákàtí kan, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ mi, n kò ní ìṣirò púpọ̀ tí n óò kọ́ ọ. Ohun tí n óò kọ́ ọ ni ìgbà tó yẹ kí o jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí o bá ti mọ̀ ọ́n ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, má wá mọ́." Mo bi í bóyá ó lè fi máàkì kan dá wa lójú. Ó wò mí bí ẹni tó bèèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí pé irú ọmọ wo ni yóò jáde.

Owó oṣù rẹ̀ ni ó fi san án. A kò fọwọ́ kan oko. Ó ṣe ìdánwò lóṣù kẹwàá, ó gba 625. Kò tó ohun tí ó ń wá, ó sì ní òun yóò tún un ṣe. Ọjọ́ 16 ni òfin ní kí ènìyàn dúró ó kéré tán. Mo bi í bóyá ó rò pé òun ì bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé-ẹ̀kọ́ oníwèé dídán. Ó ní òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n òun mọ ibi tí òun ti pàdánù 625 yẹn, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi ṣì ń bínú sí mi. Ó ní bí ọmọ náà bá rí ààyè nílé-ẹ̀kọ́ náà, owó rẹ̀ yóò ju ti gbogbo olùkọ́ Èkó lọ, oko náà ni a ó sì padà tà. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n wá wọn ilẹ̀ náà.