Ẹni tí ó sọ pé "Bẹ́ẹ̀ kọ́"

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí a jọ ro ọ̀rọ̀ kan. Bí gbogbo ènìyàn bá sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni," tí ẹnìkan ṣoṣo sì sọ pé "Bẹ́ẹ̀ kọ́," kí ni ó yẹ kí a ṣe sí ẹni náà?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Atakpamé. Gbogbo àgbẹ̀ gbé ọkọ́, wọ́n fẹ́ lọ gbin àgbàdo. Bàbá kan dìde, ó ní: "Ẹ dúró. Òjò yìí kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀." Ẹnìkan bi í pé: "Bàbá, kí ni ẹ rí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?" Ẹlòmíràn ní: "Ẹ má dá bàbá yẹn lóhùn, ọ̀lẹ ni." Ẹnì kẹta ní: "Bí ó bá tún sọ ọ́, a ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹni àkọ́kọ́ ń wá òtítọ́. Ẹni kejì ń bú ènìyàn. Ẹni kẹta ń dẹ́rù ba ènìyàn. Bàbá náà lè ṣì í o. Ṣùgbọ́n bí a bá pa á lẹ́nu mọ́, báwo ni a ó ṣe mọ̀?

Nígbà mìíràn, ẹ̀mí ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń mú lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2016, òjò ńlá gé ọ̀nà tí ó ti Yaoundé lọ sí Douala, ní ilẹ̀ Kàmẹ́rúùnù. Àwọn èrò rọ́ lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n so ọkọ̀ mìíràn mọ́ ọkọ̀ náà lẹ́yìn, kí ó lè kó gbogbo wọn. Nígbà tí ó dé Eséka, ó yẹ̀ kúrò lórí irin. Ìjọba sọ pé ènìyàn 79 ni ó kú. Àwọn tí ó fara pa ju 500 lọ.

Ní ọdún 2017, ìjọba gbé àbọ̀ ìwádìí jáde. Ó sọ pé eré ọkọ̀ náà pọ̀ jù, ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù, ìjánu àwọn kan nínú rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó tún sọ pé awakọ̀ ti sọ ohun tí ń kọ ọ́ lóminú, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá kan kò kà á sí. Ní ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ ní Eséka dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin náà, Camrail, lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò lè jí òkú dìde.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ pẹ̀lú. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn gbà pé ayé ń gbóná sí i, àti pé èéfín epo àti èédú tí ènìyàn ń sun ni ó fà á. Àwọn díẹ̀ kò gbà gbogbo rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olóṣèlú kó wọ inú àríyànjiyàn yìí.

Ní ọdún 2005, aṣòfin kan tí ń jẹ́ Joe Barton kọ̀wé sí onímọ̀ mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn fi hàn pé ayé ń gbóná. Ó ní kí wọ́n kó ìwé iṣẹ́ wọn wá, kí wọ́n sì sọ ẹni tí ó fún wọn lówó. Sherwood Boehlert, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, sọ pé kò tọ́. Ní ọdún 2015, aṣòfin mìíràn láti ẹgbẹ́ kejì, Raúl Grijalva, kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga méje nípa àwọn onímọ̀ méje. Púpọ̀ nínú wọn ní èrò tí ó yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ó bèèrè owó tí wọ́n gbà, ó sì bèèrè lẹ́tà tí wọ́n kọ síra wọn. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà sọ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè dẹ́rù ba àwọn onímọ̀. Lẹ́yìn náà, Grijalva fúnra rẹ̀ gbà pé bíbéèrè lẹ́tà wọn ti pọ̀ jù.

Ẹ kíyè sí i: ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó ṣe é. Ẹni tí ó bá di pàṣán mú lónìí, kí ó rántí pé pàṣán náà lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́la.

Ẹnìkan lè bi mí pé: "Bí ẹni tí ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ bá jẹ́ òpùrọ́ ńkọ́? Bí oníṣòwò epo bá ti san owó fún un ńkọ́?" Ìbéèrè rere ni. Ó tọ́ kí a mọ ẹni tí ó san owó fún onímọ̀. Ṣùgbọ́n kí a bi gbogbo wọn, kí ó má jẹ́ kìkì ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dùn mọ́ wa. Lẹ́yìn èyí, kí a wo ẹ̀rí rẹ̀. Bí ẹ̀rí rẹ̀ kò bá dúró, kí a sọ ọ́ ní gbangba, kí a sì máa bá iṣẹ́ lọ. Gbígbọ́ kì í ṣe gbígbà.

Ní ọdún 2021, ìgbìmọ̀ onímọ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé kò sí iyèméjì mọ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó mú ayé gbóná. Ẹ̀rí ni ó mú ọ̀rọ̀ yẹn lágbára. Ìhàlẹ̀ kò fi nǹkankan kún un. Ìhàlẹ̀ tilẹ̀ ń bà á jẹ́, nítorí àwọn ènìyàn yóò máa sọ pé: "Bí ó bá jẹ́ òtítọ́, kí ló dé tí wọ́n fi ń pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́?"

Ohun kan tún wà. Ẹni tí a dẹ́rù bà nìkan kọ́ ni ó ń dákẹ́. Àwọn tí ń wò ó náà yóò dákẹ́. Lọ́jọ́ tí ìjánu ọkọ̀ bá bàjẹ́ ní tòótọ́, ta ni yóò sọ ọ́?

Àwọn àgbà ní: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba wa ní àgbègbè Atakpamé sọ pé àwọn ti wá, a sì mọ ohun tí a fi dá Ilé-Ifẹ̀: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá dìde ní ìpàdé yín tí ó sọ pé "Bẹ́ẹ̀ kọ́," ẹ bi í pé: "Kí ni o rí?" Kí ẹ sì jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.