Ṣé Ó Yẹ Kí Gbogbo Ayé Mọ Ibi Tí Ẹyẹ Sùn?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni a gbé wá lóṣù yìí. Kí ẹnikẹ́ni má fi rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ àmánà ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ a máa so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹ̀yìn ẹyẹ tó ń rìnrìn àjò láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, sátẹ́láìtì a sì máa sọ ibi tó bà sí fún wọn. Ṣé kí wọ́n gbé ìròyìn yìí síta fún gbogbo ayé ni, àbí kí wọ́n fi í pamọ́? Ìdáhùn tó kọ́kọ́ yá wa lẹ́nu ni pé kí wọ́n gbé e síta, nítorí ẹ̀sìn wa kò fẹ́ràn ẹni tó ń fi ìmọ̀ pamọ́. Bí ẹnì kan bá sì di tirẹ̀ mọ́ra, ẹlòmíràn yóò tún lọ mú ẹyẹ mìíràn, yóò tún gbé ẹrù lé e lẹ́yìn, lórí ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo Nagaland, ní ìlà-oòrùn India. Àṣá kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní àṣá Amur. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 150 lọ, síbẹ̀ láti apá Siberia àti àríwá China ló ti ń fò gba orí òkun lọ sí gúúsù Áfíríkà. Ní 2012, aráyé rí i pé àwọn ará abúlé tó wà létí adágún Doyang ń fi àwọ̀n ìpẹja kó wọn lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń tà. Àwọn àgbà abúlé jókòó, wọ́n fòfin dè é, nígbà tó sì di 2013, pípa náà dúró. Lọ́dún yẹn ni wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ àṣá mẹ́ta, wọ́n sọ wọ́n ní Naga, Wokha àti Pangti. Pangti yìí, orúkọ abúlé àwọn ọdẹ náà gan-an ni. Ta ni yóò tún dẹ àwọ̀n fún ẹyẹ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń bèèrè pé ibo ló dé?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀. Àwọn ọdẹ Pangti kò nílò sátẹ́láìtì kí wọ́n tó mọ ibi tí àṣá ń sùn. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni. Ohun tí ìròyìn náà fi kún ìmọ̀ wọn ni ibi tí àlejò wọn ń lọ. Àjèjì olówó tó ń wá ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n rà ńkọ́? Ohun mìíràn ni ìròyìn kan náà yóò fún un. Ní 2013 yẹn náà, ní India kan náà, ẹnì kan gbìyànjú láti já wọ àpótí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ tó wà lọ́rùn táígà kan ń ránṣẹ́ sí.

Ẹyẹ kan tún wà ní Síríà nígbà kan rí tí orí rẹ̀ pá, tí ẹnu rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀ bíi dòjé. Wọ́n ti rò pé ó ti tán níbẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n rí méje péré nítòsí Palmyra ní 2002. Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ díẹ̀ nínú wọn ní 2006 ló fi hàn pé Ethiopia ni wọ́n ń lọ. Ìmọ̀ tó wúlò ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwọ̀nba tó kù nígbà yẹn, ẹni tó bá polongo igi tí wọ́n sùn sí lálẹ́ àná, kí ló fẹ́ kí ọdẹ ṣe?

Èrò tiwa ni pé kí wọ́n gbé ọ̀nà tí ẹyẹ gbà síta lẹ́yìn tó bá ti kọjá, kí wọ́n fi ìtẹ́ rẹ̀ àti ibi tó wà lónìí pamọ́. Èyí kì í ṣe ahun. Ẹyẹ kò bẹ̀ wá pé kí a so ẹ̀rọ mọ́ òun. Àṣírí rẹ̀ tó bọ́ sí wa lọ́wọ́, àmánà ni.

Ibì kan ṣì wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta kókó. Àwọn àṣá Amur a máa padà sétí adágún Doyang lọ́dọọdún, nítorí náà ìròyìn èṣí náà lè sọ ibi tí wọn yóò sùn lọ́dún yìí. Ní irú ibẹ̀, àwọn ará Pangti ni a óò kọ́kọ́ bi léèrè.