Ẹja Ni Kí O Tàn, Má Tan Ọmọnìkejì Rẹ

Bismillāhi Rahmāni Rahīm. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ni òkun, tí ó ni ọ̀sà. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin! Ọ̀dọ̀ ẹja ni a ti mú ọ̀rọ̀ oṣù yìí wá, kí ó má ya yín lẹ́nu. Apọ́ngbọ̀n ni a wà. Irùngbọ̀n pupa òyìnbó kan, William McCoskry, tí ó ṣe adelé gómìnà Èkó ní 1861, ni àdúgbò wa fi ń jẹ́ orúkọ yìí. Ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó dé ni àwọn apẹja ti ń da àwọ̀n sínú ọ̀sà tí ó yí wa ká.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ń bá ọlọ́jà kan ta aṣọ. Ní ọdún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ kan. Bí a bá ti parí kéú, yóò yọ ìwọ̀ ẹja jáde, yóò wé òwú mọ́ ọn lára, yóò so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ ọn, yóò sì máa gé ìyẹ́ náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò tàbí ẹja wẹ́wẹ́. Ìdẹ ni. Bí ó bá ń mì nínú omi, ẹja yóò rò pé ohun abẹ̀mí ni, yóò sì gbé e hán.

Àwa fúnra wa ni a kọ́kọ́ bá a wí. A ní eré ọmọdé ni. Àṣìṣe wa ni, nítorí iṣẹ́ náà ti pẹ́ láyé. Aelian, òǹkọ̀wé ará Róòmù kan tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, ròyìn àwọn ará Masidóníà tí wọ́n ń wé irun àgùntàn pupa àti ìyẹ́ àkùkọ mọ́ ìwọ̀ láti fi pẹja. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ ìwé kan jáde ní 1496 tí ó ka irú ìdẹ bẹ́ẹ̀ 12 lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ̀sìn wa kò sì kẹ́gàn iṣẹ́ ọwọ́. Bukhari gbà á wá pé Ànábì (S.A.W.) kọ́ wa pé kò sí oúnjẹ tí ó dára ju èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹ, ó sì fi Ànábì Dáúdà ṣe àpẹẹrẹ. Nínú Súrà Sabai, ẹsẹ̀ 10 àti 11, Ọlọ́hun sọ irin di rírọ̀ fún Dáúdà, Ó ní kí ó fi ṣe ẹ̀wù ogun, kí ó sì wọn òrùka rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ọba ni Dáúdà, Ànábì sì ni, síbẹ̀ Ọlọ́hun bá a sọ̀rọ̀ òrùka kéékèèké. Ẹni tí ó ń so ìdẹ mọ ìtumọ̀ èyí: bí òwú bá dẹ̀ níbi kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ ni yóò tú sínú omi.

Arábìnrin wa kan wá béèrè pé: "Àáfà, ṣé ẹ̀tàn kọ́ ni èyí? Ẹja rò pé oúnjẹ ni, ikú sì ni." Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. A dá a lóhùn pé Súrà Máídà, ẹsẹ̀ 96, ṣe ẹran inú omi ní hàláàlì fún wa. Ọdẹ ni ìdẹ, a kò bá ẹja dá májẹ̀mú. Ṣùgbọ́n kí á pa á fún jíjẹ ni. Muslim gbà á wá pé Ànábì (S.A.W.) kọ̀ kí á fi ohun abẹ̀mí ṣe àmì tí a ń ta ọfà sí. Ẹni tí ó bá ń fi ìwọ̀ ya ẹja lẹ́nu fún ìdárayá lásán, kí ó bi ọkàn rẹ̀ léèrè.

Kò pẹ́ tí ìbéèrè yìí fi padà wá bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Òjò ba àwọn aṣọ kan jẹ́ ní ìsọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó to èyí tí ó dára sí òkè ìdì, kí ó fi èyí tí ó bàjẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ó kọ̀. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ìwọ tí ò ń fi ìyẹ́ tan ẹja, kí ló dé tí o kò lè fi aṣọ tan èèyàn?" Ó wá bá wa lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

A rán an létí pé Ànábì (S.A.W.) kọjá lọ́dọ̀ olóúnjẹ kan lọ́jà, ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì rẹ̀, ó bá omi níbẹ̀. Onítọ̀hún ní òjò ni. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò gbé èyí tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹja kò fi ọkàn tán yín. Oníbàárà fi ọkàn tán yín. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Ẹ̀tàn kẹta ló burú jù. Súrà Aráàfù, ẹsẹ̀ 163 sí 166, sọ ìtàn àwọn ará ìlú etí òkun tí a kọ ẹja pípa fún ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn onítumọ̀ Àlùkùránì sọ pé wọ́n a dẹ àwọ̀n sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n a sì kó ẹja lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n rò pé Ọlọ́hun ni àwọn ń tàn, ìyà Rẹ̀ sì bá wọn. Nítorí náà, kí ìrun Alásàrì má ṣe kọjá lórí ẹnikẹ́ni létí omi pé ẹja ń jẹ ìdẹ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ìsọ̀ náà sílẹ̀. Oṣù méjì ni ó fi jókòó sílé, a sì mọ ohun tí ojú ìyá rẹ̀ rí. Ó ti rí ibòmíràn báyìí. Owó ibẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó lè ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni bọ inú ìdì aṣọ rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ó ṣì ń so ìdẹ. Ó ti kọ́ àwa náà ní ẹyọ kan. Ó tú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dúró.

Ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan, bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Kí Ọlọ́hun fi hàláàlì tó wa, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí á di ìdẹ fún ọmọnìkejì wa. Àmín. Wàsàláámù.