Ta Ni Ń San Owó Àánú?

Ẹ̀yin ará wa ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, ẹlòmíràn a máa wí pé ẹni tí ń ṣe àánú kì í ṣírò. Ẹ jẹ́ kí á wò ó. Ní 1895 ni Fadà Jean-Marie Coquard dá ilé ìwòsàn Lántòrò sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, owó oògùn nìkan ni aláìsàn ń rí. Omi, ọṣẹ, iná àti aṣọ ibùsùn ńkọ́? Iṣẹ́ àwọn Sísítà, tí ẹ̀jẹ́ wọn kò jẹ́ kí wọ́n kó owó jọ fún ara wọn, ńkọ́? Ẹni tí yóò rọ́pò wọn lọ́la yóò gba owó oṣù. Nítorí náà, ó yẹ kí á ṣírò gbogbo rẹ̀: kì í ṣe láti gbé ẹrù lé tálákà lórí, bí kò ṣe kí àwa lè mọ ìpín tiwa. Ẹrù tí a kò kà, ẹnìkan ni ó ń rù ú.