Ẹ̀rí Inú Gíà: Ohun tí Mẹkáníìkì Mọ̀ àti Ohun tí Ó Gbà Gbọ́

Ìbéèrè àtọjọ́mọ́jọ́ ni láàárín àwọn onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ pé nígbà wo ni ẹ̀dá lè sọ pé òun mọ ohun tí ó fara pamọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé àmì rẹ̀ nìkan ni ó hàn síta. Barry Hallen àti Olúbí Ṣódípọ̀ kọ ìwé kan jáde ní ọdún 1986, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn Yorùbá fọ̀rọ̀ wérọ̀ fún ìgbà pípẹ́, níbi tí wọ́n ti ṣàlàyé pé ohun tí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ó sì yé e, ni àwọn àgbà wọ̀nyí ń kà sí ìmọ̀, nígbà tí ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn jẹ́ ìgbàgbọ́, bí ó ti wù kí ẹni náà ṣeé fọkàn tán tó. Ìyàtọ̀ yìí kò pin sí ìdí oògùn. Ó kan mẹkáníìkì tí wọ́n gbé ọkọ̀ ìdílé tí ó ti gbó wá bá, tí gíà rẹ̀ kò gbé dáadáa mọ́.

Àpẹẹrẹ kan ni àwọn mínífáànù bíi Dodge Caravan, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà fi ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ní ọdún 1989 ni gíà ọ́tòmátíìkì onípele mẹ́rin kan, A604, tí wọ́n wá ń pè ní 41TE lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú wọn, kọ̀ǹpútà ni ó sì ń darí rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ méjì, ìyẹn ohun èlò tí ń ka bí irin ṣe ń yí, ni ó ń jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà náà: ọ̀kan ń ka eré tí ó wọ inú gíà, èkejì ń ka eré tí ó jáde. Ní gíà kẹta, eré méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ní gíà kìn-ín-ní, èyí tí ó wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 2.84 èyí tí ó jáde. Bí ìṣirò kò bá bára mu, kọ̀ǹpútà yóò gé iná àwọn solenoid, ìyẹn fáàfù oníná tí ń darí ọ́ìlì, yóò sì há ọkọ̀ mọ́ gíà kejì, kí ó lè rọra wọ́ délé.

Nígbà tí mẹkáníìkì bá so síkánà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń ka kóòdù àṣìṣe, mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti ọdún 1996, ó lè rí kóòdù P0700, èyí tí kò sọ ju pé kọ̀ǹpútà gíà ní ẹjọ́ kan nílẹ̀: ẹlẹ́rìí tí ń sọ pé ẹlẹ́rìí mìíràn wà. Bí ó bá tẹ̀ síwájú, tí ó rí P0733, ohun tí ó gbọ́ ni pé eré gíà kẹta kò dọ́gba. Ó lè jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn àwo inú gíà tí ń di ara mú kí agbára lè kọjá, ti jẹ tán, ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì ti dín, ó sì lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ni kò ka iye tí ó tọ́ mọ́, tàbí pé wáyà rẹ̀ ti dípẹtà. Àṣìṣe ńlá ni, ó sì burú púpọ̀, kí ènìyàn gbọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kí ó dá gíà lẹ́bi lójú ẹsẹ̀, nítorí owó tí ìdílé yóò fi ra gíà mìíràn lè ju iye tí wọn yóò ta ọkọ̀ náà lọ.

Ibí ni ọ̀ràn ti le jù. Kí mẹkáníìkì tó lè fojú rí kílọ́ọ̀ṣì, àfi kó tú gíà palẹ̀, bẹ́ẹ̀ títú yẹn gan-an ni ìnáwó tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò láti yẹra fún. Ìmọ̀ kíkún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìmọ̀ náà dá sí ni wọn yóò ná kí wọ́n tó ní i. Ìdí nìyí tí ohun tí ojú lè rí láìtú nǹkan kan fi yẹ kí ó ṣáájú. Ọ́ìlì tí ó pupa ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó wá dúdú, tí ó ń rùn bí nǹkan tó jóná, jẹ́ àmì pé kílọ́ọ̀ṣì ti gbóná jù. Ó tún yẹ kí wọ́n bèèrè irú ọ́ìlì tí wọ́n dà sí i, nítorí ATF+3 tàbí ATF+4 ni gíà yìí ń fẹ́, bí wọ́n bá sì da irú ọ́ìlì mìíràn bíi Dexron sí i, ó lè máa gbọ̀n bí ẹni pé ó ti bàjẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ àmì pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí ìwòsàn. Bí wọ́n bá pa ọkọ̀, tí wọ́n tún tan án, kọ̀ǹpútà lè tú gíà sílẹ̀ kúrò ní ipele kejì, kí ọkọ̀ sì máa lọ geere títí àṣìṣe náà yóò fi tún hàn. Ẹni tí ó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kan lásìkò náà lè máa yọ̀ pé òun ti mọ àrùn, bẹ́ẹ̀ àtúntàn ni ó mú ara tu ọkọ̀ náà. Ẹni tí yóò san owó ni ìpinnu tọ́ sí, yálà kí wọ́n tú u ni o, kí wọ́n tà á, tàbí kí wọ́n máa rọra wà á. Ìpinnu náà kò sì lè jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́ bí mẹkáníìkì bá pe ohun tí ó gbà gbọ́ ní ohun tí ó mọ̀.